Ìyàwó Tí Kò Sá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá orin tí àwọn ọmọ abẹ́ igi ọdán fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà èwe mi, ká tó bọ́ sínú ọ̀rọ̀:

Ìyàwó ń sá, ọkọ ń bọ̀,
Ìyàwó wọ'gbó, ọkọ jókòó;
Ta ni yóò fún wa lẹ́kọ jẹ?
Ẹni tí kò sá ni o, ẹni tí kò sá.

Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín á pa mí títí omi á fi máa bọ́ lójú mi, àwọn ọmọ-ọmọ mi á sì ní, "Ìyá àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìfẹ́ bá ṣe ní irú oore tó ṣe mí, kó wá pa ẹnu mọ́, ká wò ó.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Títílọlá ni orúkọ mi, Fágbèmí àgbẹ̀ ni baba mi. Ọdún kan lẹ́yìn tí lúkúlúkú jà, àrùn burúkú tó pa ènìyàn bí ẹni ń pa adìẹ, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ayé ti di ti òyìnbó. Ajẹ́lẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti ń gba owó orí, mọ́tò sì máa ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ewúrẹ́ àti àgbàlagbà á jọ máa du ẹnu ọ̀nà wọlé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Lúkúlúkú kó baba, ó kó ìyá, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ tó ní ẹbí, ẹbí kó o sọ́dọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà kan wà tí kò sí ẹni tó kù nílé wọn tó lè pe orúkọ wọn. Abẹ́ igi ọdán kan lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ń wà látàárọ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó bá ṣàánú wọn sùn. Abíọ́nà ni àgbà wọn, ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ. Mìkáílù ló kéré jù, kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rẹ́ mi Mùínàt ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Títí, ẹ̀kọ tó bá ṣẹ́kù nínú igbá mi ni mò ń fún wọn jẹ. Ìwọ ńkọ́, kí lo ní?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń ran òwú nìkan ni mo mọ̀. Ṣé wọ́n á jẹ òwú?"

"Kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Ẹ̀kọ tèmi, wọ́n á jẹ ẹ́ tán lónìí. Tìẹ á bá wọn dọ́la."

Bí mo ṣe di ará abẹ́ igi nìyẹn. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, màá gbé kẹ̀kẹ́ òwú mi, màá lọ. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fá orí àwọn ọkùnrin, mo ń kọ́ wọn ní òwú, mo ń kọ́ wọn lórin. Àwọn ará ọ̀nà ò jẹ́ ká sinmi.

"Kí ni wọ́n ń san fún yín?"

"Wọn ò san nǹkan kan."

"Ṣé ọmọ yín ni?"

"Rárá."

"Ẹ wá ya wèrè ni?"

Mùínàt á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni o, ó ṣì ń bọ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ti Ìkòyí-Ilé bọ̀, ó ru igbá tó tò léra wọn bí ilé alájà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi wa, ó lọ bu omi mu. Kó tó padà, Abíọ́nà ti yọ ọ̀bẹ rẹ̀ nínú àpò, ó ti fi fín ẹran kan sí ìdí igbá tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọdé ni."

Ọkùnrin náà gbé igbá sókè, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Kí lèyí?"

Abíọ́nà ní, "Ewúrẹ́ ni."

"Ẹsẹ̀ márùn-ún?"

"Ó fi ìkarùn-ún ń sinmi ni."

Ẹ̀rín gbé ọkùnrin náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó ṣe rẹ́rìn-ín tán, ó fa Abíọ́nà mọ́ra, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ ọ̀bẹ, ó fi bí wọ́n ṣe ń fín igbá hàn án. Nígbà tó máa fi dìde, oòrùn ti wọ̀, mo sì ti mọ̀ pé Josiah ni orúkọ rẹ̀, pé ìdílé afíngbá ni wọ́n ní Ọ̀yọ́, pé baba rẹ̀ ti kú, pé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Mi ò bèèrè ìkankan nínú ẹ̀. Abíọ́nà ló bèèrè, èmi kàn ń ran òwú. Òwú ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló já.

Ọjọ́ karùn-ún, ó tún dé. Ọjọ́ karùn-ún sí i, ó tún dé. Ó ní igbá lòun wá rà, àmọ́ ìdajì ọjọ́ ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, kò gba kọ́bọ̀, kò gba ju ẹ̀kọ tútù kan lọ. Mùínàt fẹnu kò mí létí, ó ní, "Bí ọkùnrin yìí bá tún ra igbá kan sí i, ìta ni ìyá rẹ̀ á máa sùn."

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó pe Mùínàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ṣe alárinà. Ẹ̀gbẹ́ náà kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí mo jókòó sí. Mùínàt wá dúró níwájú mi, ó ṣojú kókó bí ìyá arúgbó.

"Títílọlá ọmọ Fágbèmí, ọkùnrin kan rán mi sí ọ."

"Mo gbọ́."

"O ò tíì gbọ́, mi ò tíì sọ. Ó ní ìwà rẹ wu òun. Ó ní bí o ṣe ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, òun mọ̀ pé oorun á kun ẹni tó bá wà nílé rẹ."

Josiah na ọrùn, ó ní, "Mo tún ní orin rẹ̀ dùn."

Mùínàt yí sí i. "Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́, ẹ ò sí níbí." Ó tún kọjú sí mi. "Ó tún ní orin rẹ dùn. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo ní, "Sọ fún un pé kó lọ rí baba mi."

Rírí baba mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Baba mi ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́! Ọmọ Ọ̀yọ́ á máa kí ọ, á máa kí ọ, kó tó kí ọ tán, wàá ti gbà fún un láìmọ ohun tí o gbà." Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wádìí ara wọn. Àwọn àbúrò baba Josiah wá, wọ́n kí baba mi fún bí ìdajì ọ̀sán, wọ́n gbé obì, orógbó àti oyin kalẹ̀, ni baba mi bá ṣíhùn, ó fi mí fún wọn. Ó ní, "Ẹ ò ri? Mo sọ ọ́."

Mo jó wọ yàrá. Mi ò mọ̀ pé mo ti wọ wàhálà.

Láyé tiwa, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣíhùn ọmọbìnrin, kò gbọdọ̀ fojú kan ọkọ rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ ò sì gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Bó bá rí wọn lókèèrè, kó sá ni. Bí kò bá ríbi sá sí, kó faṣọ borí. Bó bá ṣe sá tó ni wọ́n á ṣe yìn ín tó. Ẹ bá mi wò ó! Ìgbà tí ọkùnrin yìí jẹ́ àjèjì, mò ń rí i ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún. Wọ́n fi mí fún un tán, ó di èèwọ̀!

A wá pín ọjọ́: ọjọ́ tó bá wà lábẹ́ igi, èmi á wà nílé. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi okùn so ọjọ́ mọ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó? Nígbà mìíràn á tètè dé, á ní òun ṣi ọjọ́ kà. Màá sá. Mo sá wọ oko ẹ̀gẹ́, mo sá wọ ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, mo sá tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń wẹ Mìkáílù, tí ọmọ náà dúró pẹ̀lú ìfófò lórí, tó ń sunkún. Ìgbà náà ni wọ́n dá orin tí mo kọ́kọ́ kọ fún yín.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò ríbi sá sí. Mo gbé igbá ńlá kan, mo dà á borí. Orí àti èjìká nìkan ló bò.

Mo gbọ́ tí Josiah jókòó tì mí. Ó ní, "Igbá, o kú ọjọ́ mẹ́ta."

Abíọ́nà ní, "Igbá náà ní ẹsẹ̀."

"Èmi ò rí ẹsẹ̀ kankan."

"Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí."

"Abíọ́nà, lọ ran òwú!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nínú igbá, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tó ń dùn mí. Mo ní, "Abíọ́nà, sọ pé igbá ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó dé Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?"

Josiah ní, "Sọ fún igbá pé gbogbo wọn ló ń bọ̀. Mo ti bá àwọn àgbà àdúgbò yìí sọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i."

"Ìyá rẹ̀ gbọ́?"

Mo gbọ́ tí Josiah ń to igbá rẹ̀ léra.

"Abíọ́nà, bi í bóyá ìyá rẹ̀ gbọ́."

Josiah wúkọ́. "Ìyá mi... mò ń wá ọjọ́ tí inú wọn á dùn dáadáa."

"Láti oṣù mẹ́ta?"

"Inú wọn dùn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ mo wà lóko igbá."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Bí wọn ò bá fẹ́ àwọn ọmọ, kó wá gba obì rẹ̀ padà. Mi ò lè dúró lójú ọ̀nà yìí, kí n sọ fún ọmọ mẹ́fà pé ìyá wọn kejì náà ti lọ."

Mo sọ ọ́ bí akin. Ìgbà tí mo délé, mo dojú bo ẹní, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Ọkùnrin náà wù mí! Ohùn rẹ̀ wù mí, ọwọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ igbá ti mú le wù mí. Mo ń bi ara mi léèrè pé, Títílọlá, ta ló bẹ̀ ọ́? Ta ní kí o lọ kó ọmọ ọlọ́mọ lé àyà? Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, màá rántí bí Mìkáílù ṣe máa ń di etí aṣọ mi mú tó bá ń jẹun, bí ẹni pé mo lè fò lọ. Kẹ̀kẹ́ òwú ni mo tún gbé.

Josiah sọ fún ìyá rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ìyá náà ṣe ni èmi ò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo ń bá òwú jà, nígbà tí ìyá kan ti ìhà Ọ̀yọ́ yọ sí wa, eruku ti kùn ún dé eyín. Ó gbé àpò kékeré kọ́ apá, kele pupa àti funfun, ìlẹ̀kẹ̀ àwọn oníṢàngó, wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, fún mi lómi mu."

Mo sáré bu omi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ó mu, ó mí kanlẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Oore ni o. Ṣé ibí ni Títílọlá ọmọ Fágbèmí máa ń wà?" Kí n tó la ẹnu, ó ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Ṣàngóbùnmi ni mí, ìyá Josiah afíngbá, láti Ọ̀yọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọkàn mi sá. Ọkàn mi ti dé ilé baba mi, ó ti ti ilẹ̀kùn, ara mi ló kù lórí eékún níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi! Ó ti rí ojú mi, ó ti rí ọrùn mi, ó ti rí gbogbo mi. Bí mo bá sá nísinsìnyí, á mọ̀ pé èmi ni, pé mo jókòó kó fi wò mí tán kí n tó rántí ìtìjú.

Abíọ́nà gbà mí sílẹ̀, tàbí kí n ní ó tì mí lulẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ó ti sá."

"Ó sá?"

"Bó ṣe rí yín lókè lọ́hùn-ún ló fò bí ehoro. Ibẹ̀ yẹn ló gbà." Ó nawọ́ sí inú igbó.

Ojú Ṣàngóbùnmi rọ̀ díẹ̀. "Kò burú. Wọ́n tún kọ́ ọ nílé díẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àbí? Mo ti mọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ò bá ti sá."

Mo dorí kodò.

Ó bá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, bí ẹni tú àpò ẹ̀wà. "Ọmọ mi, gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ó ní òun fẹ́ gbé ìyàwó, mo jó. Ó wá wò mí lójú níjọ́sí, ó ní ọmọ mẹ́fà ni yóò tẹ̀lé e. Mo ní, Josiah, ṣé ìyàwó lo fẹ́ gbé ni àbí o fẹ́ dá ìlú sílẹ̀? Mo ti wá o. Lọ́la, màá lọ bá baba rẹ̀, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, kí ni àwọn ọmọ ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan. Ọmọ tí mi ò mọ orísun rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti dàgbà, èmi kọ́ ni màá tún máa..." Ọ̀rọ̀ gé lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kan orí Abíọ́nà. "Ta ló dirun ọmọ yìí?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ṣé ọwọ́ lo fi dì í ni, àbí ẹsẹ̀?"

Òótọ́ ni. Mo mọ òwú, mi ò mọ irun. Kí n tó ṣẹ́jú, Ṣàngóbùnmi ti fa Abíọ́nà sáàárín orúnkún, ó ti ń tú iṣẹ́ mi, ó ń pòṣé. "Ó ga o. Ọ̀nà ibí yìí lọ sí oko, tibí yìí ò lọ síbì kan. Ẹ fún mi ní òòyà!"

Ó dì í ní ṣùkú tó dúró gbọnrangandan. Ọmọbìnrin kejì rí i, ó wá to ẹ̀yìn. Ìkẹta náà tò. Mo ń dá orin òwú, àwọn ọmọ ń gbè, ìgbà tó pẹ́ mo gbọ́ ohùn kan tó wúwo tó ń bá wa gbè láti ìdí òòyà. Mìkáílù rọra rìn lọ, ó gbé orí lé itan ìyá náà, ó sì sùn lọ.

Abíọ́nà ní, "Ìyá, ẹ ti ní ọmọ-ọmọ?"

"Mi ò tíì ní."

"Mẹ́fà rèé, gbogbo wa la sì ti hu eyín."

Ṣàngóbùnmi fẹ́ bínú, ẹ̀rín já a gbà. Ó rẹ́rìn-ín láìmi itan, kí ọmọ má bàa jí.

Àárín ẹ̀rín yìí ni Mùínàt dé pẹ̀lú ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ti jíṣẹ́ alárinà dé Ọ̀yọ́ rí, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n. Ó wo ìyá, ó wo èmi tí mi ò borí, ẹnu rẹ̀ là. Mo ṣẹ́jú sí i títí ojú fẹ́ fọ́. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tí wọ́n jọ ń lọ sílé Mùínàt, níbi tí ìyá náà máa wọ̀ sí, ó bi Mùínàt léèrè, "Ọmọ ta ni ọmọbìnrin òwú yẹn?"

Mùínàt ní, "Ọmọ Baba Fágbèmí náà ni."

"Hẹ̀ẹ́n! Baba náà tún ní òmíràn?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín bi í."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún baba mi. Ó jókòó, ó ń fọ eruku oko kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ ṣáà lọ sí yàrá lọ́la, kí o borí. Ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán." Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá tí mo tàn jẹ lábẹ́ igi, ṣé yóò dárí jì mí? Bó bá sì dárí jì mí, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yóò yí padà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ta ẹní dí ẹnu yàrá, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ tèmi taṣọ lórí. Mo gbọ́ tí Mùínàt mú Ṣàngóbùnmi wọlé, tí ìyá náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé o, baba. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú oko. Ẹ kú ọyẹ́ yìí. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ kú àjọṣe." Mo gbọ́ tí baba mi mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Baba, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá wúwo. Ọmọ yín dára, ilé yín dára. Orí ọmọ tèmi ni kò gbé e. Ẹ jẹ́ ká fi ti Títílọlá sílẹ̀."

"Kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ rí i."

"Ẹ ò rí i, ẹ sì kọ̀ ọ́?"

"Mo rí ibi tó gbà sá."

"Ó dára," ni baba mi wí. "Ṣé ó tán?"

"Kò tán. Wọ́n ní ẹ tún ní ọmọbìnrin mìíràn. Èyí tó ń ran òwú lábẹ́ igi. Ó pupa díẹ̀, èjí wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ irun dì rárá, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ó fún mi lómi lórí eékún kó tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Òun ni mo ń tọrọ fún Josiah."

Ikọ́ gbé Mùínàt. Ó wúkọ́ títí ó fi jáde, mo sì ń gbọ́ bí ikọ́ náà ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Baba mi ní, "Ọmọ mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ọ̀rọ̀ òun àti ti Títílọlá rí, ìyá. Àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn, kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, tòun tàwọn ni."

Mo di etí ẹní mú. Gbogbo ayé mi wà lẹ́nu ìyá yẹn.

Ṣàngóbùnmi ní, "Baba, orí mẹ́ta ni mo dì lánàá. Inú mi dùn sí i, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì lè ṣe é. Ọmọ kékeré kan wá sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò gbé e kúrò. Ó ti tó ogún ọdún tí ọmọ ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀ kẹ́yìn. Oorun ò kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń rò ó pé, ta ni yóò máa sùn lé bí mo bá lọ?" Ó fọn imú. "Kí wọ́n máa bọ̀. Ilé afíngbá gbòòrò, iṣẹ́ sì ń bẹ."

"Ẹ tún un sọ, ká gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo ní kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa bọ̀!"

Baba mi pariwo, "Títílọlá, jáde wá!"

"Ha, baba! Ẹ má pè é! Mo ti kọ̀ ọ́, ẹ má fi ojú ọmọ ọlọ́mọ gbolẹ̀." Ìyá náà sì kọjú sí ògiri, ó fi ìbòrí bo ojú ara rẹ̀. Ó di pé ìyá ọkọ ló ń sá fún ìyàwó.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá, ẹ wò mí."

"Mi ò wò ọ́. Ọmọ mi, má bínú, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ."

"Ẹ wò mí, ìyá. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ dirun Abíọ́nà."

Ó yí orí díẹ̀díẹ̀. Mo ti ká aṣọ kúrò lójú. Ó wò mí, ó wo baba mi, ó tún wò mí.

"Ìwọ!"

"Èmi ni, ìyá."

"Ọmọ yẹn ní o sá!"

"Mo fẹ́ sá. Àmọ́ ẹ̀ ń mu omi lọ́wọ́ mi nígbà tí mo mọ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ìbòrí fi já bọ́ lórí rẹ̀. "Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn wá kọ ìyàwó! Ẹnu tí mo fi kọ̀ ọ́ kò tíì gbẹ, mo ti fi tọrọ rẹ̀ padà! Baba, ẹ̀yin lẹ dẹ páńpẹ́ yìí?"

"Àwa kàn jókòó ni, ìyá," ni baba mi wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ gbogbo rẹ̀."

Ṣàngóbùnmi fà mí dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó wá tì mí. "Ó yá, máa sá! Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, mi ò gbọdọ̀ rí ojú rẹ mọ́. Kí ni aráyé á wí?"

Mo ká aṣọ mi, mo sá wọ yàrá, mo gbá ìkòkò dànù lọ́nà. Mo gbọ́ tí ó ń pàtẹ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ wo eré! Ẹ ò ri, ó mọ̀ ọ́n sá!"

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi. Mùínàt bá mi dé ẹnu ibodè, ó sunkún, ó ní abẹ́ igi ò ní ṣófo, pé òun ti rí àwọn méjì kan níhà Sábó tí ebi ń pa. Mo sun ẹkún ìyàwó bó ṣe yẹ, Abíọ́nà ń rán mi létí bí mo bá gbàgbé ìlà kan. A wọ Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́, èmi níwájú, àwọn mẹ́fà lẹ́yìn, ṣùkú mẹ́ta, orí fífá mẹ́ta.

Nílé ọkọ, ìyàwó kì í wọlé kí wọ́n tó bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣàngóbùnmi ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi. Ó wẹ ẹsẹ̀ mi, ó ń súre, gbogbo agbo ilé ń ṣe àmín. Mo gbé ẹsẹ̀, mo wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Abíọ́nà tó ti na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síwájú, ó dúró, ó ń retí. Àwọn márùn-ún yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀, Mìkáílù gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó di ẹlòmíràn mú kó má bàa ṣubú.

Josiah tó yẹ kó wà ní ìyẹ̀wù ń yọjú lẹ́yìn ògiri, kò mọ ohun tó máa ṣe. Ìyàwó ilé kan bẹ́ sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Josiah, ìyàwó mélòó lẹ gbé? Mo ka ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá!"

Ìyá ọkọ mi wo inú ìkòkò, ó rí i pé omi ò tó nǹkan mọ́. Ó wo ẹsẹ̀ Abíọ́nà tó kún fún eruku ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó.

Ó ní, "Kí lẹ wá ń wò? Ẹ tún pọn omi wá."